Ìrántí ọdún kan bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́: kí la lè ṣe tí kò ní tán lọ́jọ́ àpèjẹ?

Àbígbẹ̀yìn Awakọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni bàbá wa jáde láyé. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta. Awakọ̀ ojú omi ni wọ́n, látìgbà tí wọ́n ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí dé ayé ẹ́ńjìnì. Àwọn tó ń ná ọjà Ejìnrìn àti Agbówà nígbà yẹn á mọ̀ wọ́n, pàápàá àwọn tó máa ń wọkọ̀ láwìn. Nígbà tí ojú ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n á jókòó sẹ́bàá Márínà, wọ́n á máa bá àwọn apẹja tún àwọ̀n ṣe.

Ẹbí ti ṣèpàdé. Bùọ̀dá àgbà ti mú Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà yìí. Màlúù, aṣọ ẹbí, olórin, gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ mo rántí fídáù ọjọ́ kẹjọ. Èrò pọ̀, a jẹ, a mu, ó parí. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ilé ni ike tí wọ́n tẹ àwòrán bàbá sí, ike yẹn náà la fi ń bu omi ní balùwẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nàka sí i, ó ní, “Mọ́mì, ta ni bàbá yìí?” Bẹ́ẹ̀, ọrùn bàbá yìí ni ọmọ yẹn máa ń gùn lọ sétí omi.

Ìṣòro mi kejì ni Mọ́mì. Wọ́n ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá wọn, wọ́n tú opó, wọ́n padà sídìí ẹja yíyan ní ọjà Olúwo, láti ìgbà náà wọn kì í dárúkọ bàbá. Àwa náà kì í dárúkọ wọn níwájú Mọ́mì, ká má baà pa wọ́n lẹ́kún. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe?

Ìyá Ìbejì Ìtóìkín

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Tèmi ò pọ̀: ẹ jẹ́ kí màlúù di àgbò, kí aṣọ ẹbí di fìlà àti gèlè nìkan. A ṣe tiwa tán, gbèsè la fi oṣù márùn-ún san. Ẹni tí a ń rántí ò jẹ nínú ẹ̀.

Onífótò Ayétòrò

Ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ fótò ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi ń rí. Tí ìrántí bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ á gbé fótò kan ṣoṣo wá, èyí tí bàbá ti le koko bí ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n á ní kí n sọ ọ́ di ńlá. Tí mo bá béèrè àwọn tó kù, wọ́n á ní ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lọ tú àpótí yẹn báyìí, kí òjò tó wọlé tán. Ẹ̀pẹ́ la wà, ìrì omi ò fi fótò sílẹ̀.

Ẹ má ṣe di fótò sínú ọ̀rá. Ọ̀rá á há ooru àti omi mọ́ ọn, àwọn fótò náà á sì lẹ̀ mọ́ra. Àpò ìwé ni kẹ́ ẹ kó wọn sí. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á o, torí ojú bàbá ló máa kù sára gíláàsì. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ya á látojú gíláàsì. Èyí tí omi ti wọ̀, ẹ fi omi tútù tó mọ́ ṣàn án wẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun níbòji, kó kojú sókè. Ẹ má sá a sóòrùn, ó máa ká jọ bí ewé gbígbẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín láminéètì ẹ̀. Iná ẹ̀rọ yẹn ń ba fótò àtijọ́ jẹ́, tó bá sì ti wọ inú rọ́bà, kò tún ṣeé yọ mọ́.

Fóònù yín náà lè yà á. Ẹ gbé fótò síbi fèrèsé láàárọ̀, ẹ má tan iná fóònù, ẹ jẹ́ kí fóònù dọ́gba lórí ẹ̀, kó má dagun. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ta ni, níbo, ọdún wo. Bírò máa ń yọ sójú tó bá yá. Ẹni tó mọ orúkọ àwọn tó wà nínú fótò yẹn ò tún wọ́pọ̀ mọ́, ẹ̀ẹ́ rí i pé ọ̀dọ̀ Mọ́mì lẹ máa padà sí.

Túnfóònùṣe

@Àbígbẹ̀yìn, ṣé bàbá ní fóònù? Irú wo? Níbo ló wà báyìí?

Àbígbẹ̀yìn Awakọ̀

Android kékeré kan ni. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp torí pé wọn ò lè tẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ Bùọ̀dá àgbà. Wọ́n ti yọ síìmù.

Túnfóònùṣe

Yéè. Ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ sì yára.

Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ “fọ fóònù” kó lè fún ọmọ ilé ìwé. WhatsApp máa ń pa àkáǹtì tí wọn ò bá lò fún ọjọ́ 120, àmọ́ ohun tó wà nínú fóònù fúnra ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, tí wọn ò bá ṣáà ti yọ WhatsApp. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ wá fódà tó ń jẹ́ WhatsApp Voice Notes, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbi méjì. Kì í ṣe ibì kan o.

Ìkejì ni síìmù. Ní Nàìjíríà níbí, láìnì tí kò bá pe ẹnikẹ́ni tàbí ra dátà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í. Tó bá fi máa pé ọdún, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Mo mọ obìnrin kan tó pe nọ́ńbà ọkọ ẹ̀ tó ti kú, ọmọkùnrin kan gbé e, ó ní “Ta nì yẹn?” Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì. Ẹ ki síìmù yẹn sínú fóònù lónìí, ẹ ra káàdì sí i, kẹ́ ẹ fi pe ara yín.

Ìkẹta, ohùn tí bàbá fi ránṣẹ́ ṣì wà lórí fóònù àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn.

Ọmọ Kásẹ́ẹ̀tì

Kí n bá Túnfóònùṣe fi kan lé e. Ẹ yẹ inú ilé wò bóyá kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tàbí ìkómọ wà tí ohùn bàbá wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, kẹ́ ẹ tó kì í bọ rídíò, ẹ ṣẹ́ àwọn eyín rọ́bà kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tí ìyẹn bá ti kán, ẹ̀rọ ò lè gba nǹkan míì lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìwàásù gba orí ohùn bàbá wa, ó ní òun ò mọ̀. Títí dòní a ò tíì rẹ́rìn-ín sí i.

Àáfà Kékeré

Salamu aleikum. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjáńnà ṣe ibùgbé wọn. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn bóyá ìrántí ọdún tọ́ tàbí kò tọ́, àwọn onímọ̀ ti ń bá a bọ̀ tipẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò jiyàn lé lórí ni hádíìsì pé bí ọmọ Ádámà bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dúró àfi mẹ́ta: sàráà tó ń ṣàn lọ láìdúró, ìmọ̀ tí àwọn èèyàn ń jàǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tó ń ṣe àdúà fún un. Màlúù kì í ṣàn lọ láìdúró, ọ̀sán ọjọ́ náà ló ń tán.

Awakọ̀ ni bàbá yín. Ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ tí èrò ọkọ̀ ń wọ̀ kí wọ́n má baà rì, ẹ ra mẹ́wàá tàbí ogún, kẹ́ ẹ kó o fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní èbúté, pàápàá èyí tó mọ níwọ̀n ọmọdé. Ìjọba Èkó ní kí gbogbo èrò máa wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ lọ wo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ míì, òmíì ti ya, òmíì ń rùn débi pé èèyàn á fi jókòó lé ni. Ẹni tó bá tipasẹ̀ ẹ̀ yè, èrè ẹ̀ á dé bá bàbá níbi tí wọ́n wà.

Ìyá Ìbejì Ìtóìkín

Àáfà, ẹ ṣeun. Mi ò tíì rí ohun tó tó èyí lórí ayélujára.

Bọ̀ọ̀sì Pópó

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ jẹ́ káyé gbádùn. Bàbá sáré kiri lórí omi fún gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ṣé ẹ ò lè lu ìlù fún wọn lọ́jọ́ kan? Ẹ ṣe méjèèjì. Ẹ pa màlúù, kẹ́ ẹ sì ra ẹ̀wù omi. Kò sẹ́ni tó máa ti orí ẹ̀ kú.

Opó Ọdún Keje

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ó dáa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè: Mọ́mì ńkọ́, báwo làwọn ṣe ń ka ọjọ́ tiwọn?

Ọkọ mi kú, ó pé ọdún méje. Àwọn ọmọ mi dára, wọ́n ń tọ́jú mi, àmọ́ ọdún kìíní yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Kàlẹ́ńdà òyìnbó ni wọ́n fi ń ka ọjọ́, ojú ọ̀run lèmi fi ń ka tèmi. Ọdún wa kéré sí ti òyìnbó ní nǹkan bí ọjọ́ 11. Ọjọ́ tó pé ọdún lọ́kàn mi, mo dá jókòó, fóònù ò dún. Nígbà tí wọ́n kó tẹ́ǹtì dé, èmi ti sunkún tèmi tán. Wọ́n ní “Mọ́mì, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti gbàgbé dádì.” Wọ́n fi ṣàwàdà. Mo rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀ ń bẹ̀rù pé tẹ́ ẹ bá dárúkọ bàbá, Mọ́mì á sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹkún yẹn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń dun opó ni pé orúkọ tí òun ń pè lójoojúmọ́ fún ogójì ọdún, gbogbo ilé panu mọ́ ọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn náà lè máa rò pé ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ gbọ́.

Àmọ́ ẹ má lọ bi wọ́n pé “Mọ́mì, irú èèyàn wo ni bàbá?” Ìdáhùn kan ló wà fún ìyẹn: “Èèyàn rere ni.” Ó tán. Ohun kékeré ni kẹ́ ẹ béèrè. Báwo ni wọ́n ṣe ń mu gààrí, ó ń rọ̀ tàbí ó ń le? Kí ni wọ́n ń pe Mọ́mì tí ẹnikẹ́ni ò bá sí níbẹ̀? Ta ni wọ́n bá jà tí wọn ò parí ẹ̀? Kẹ́ ẹ má sì jókòó síwájú wọn pẹ̀lú ìwé bí akọ̀wé kóòtù. Ọwọ́ wọn gbọ́dọ̀ wà lórí iṣẹ́. Ẹ bá wọn gé ẹja, ẹ bá wọn ṣa ẹ̀wà. Tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu á là. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti tan fóònù láti gba ohùn wọn o, ẹ má jí i gbà. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pa á, ẹ pa á.

Àbígbẹ̀yìn Awakọ̀

Mà, mo ka èyí, ọwọ́ mi gbọ̀n. Iléyá ọdún tó kọjá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Ti ọdún yìí, ọjọ́ 6 ni wọ́n ń sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ẹ̀ jẹ́ Túsìdeè, ọjọ́ 3. Sátidé ọjọ́ 14 làwa mú. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ní Mọ́mì ti ra ẹ̀wà kóńgò mẹ́rin sílẹ̀ látọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun ò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Opó Ọdún Keje

Àkàrà sàráà ni. Ẹ tètè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́

Ẹ ò ní fagi lé Sátidé yẹn o. Lẹ́yìn Iléyá ni ọdún Kayó-kayó wa máa ń wáyé, àwọn ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ tó wà nídàálẹ̀ á ti wálé láti ṣèrántí bí Kòsọ́kọ́ tó jẹ́ ọba Èkó àti àwọn èèyàn ẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbí ní 1851. Tẹ́ǹtì àti àga á wọ́n lásìkò yẹn, ẹ tètè sanwó ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ bàbá, àwọn tó bá wọn wakọ̀, gbogbo wọn á wà nílé. Ẹ gba ohùn tiwọn náà. Ìyàwó mọ ọkọ nínú ilé, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ló mọ ọ̀nà tó ń gbà bú èèyàn.

Tí àwọn àgbà ò bá rántí ọdún, ẹ má bi wọ́n ní “ọdún wo?” Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí ẹ̀. Ṣé wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀? 1967 nìyẹn. Ṣé mọ́tò ṣì ń gba apá òsì? Oṣù kẹrin 1972 ni wọ́n yí i sí ọ̀tún. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi ra ẹ́ńjìnì náà ni, àbí náírà? Oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Ṣé ayé Jákàńdè ni? 1979 sí 1983. Bí mo ṣe rí ọjọ́ orí bàbá tèmi nìyẹn, ọdún mẹ́fà ló fi ju èyí tó wà nínú ìwé ìsìnkú lọ.

Túnfóònùṣe

Fóònù yẹn ńkọ́?

Àbígbẹ̀yìn Awakọ̀

Síìmù ti lọ. A ki síìmù náà bọ inú fóònù, kò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Bùọ̀dá ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń yí i lọ́wọ́. Àmọ́ a rí ohùn mẹ́tàlélọ́gọ́ta nínú fóònù. Èyí tó pọ̀ jù ni “Hẹ̀ẹ́, ṣé o ń gbọ́ mi? Ṣé ó ti ń gbà á?” lẹ́yìn náà ariwo omi.

Túnfóònùṣe

Ẹ má parẹ́ ariwo omi yẹn.

Àbígbẹ̀yìn Awakọ̀

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Mo ní kí n jábọ̀.

Alẹ́ Mọ́ńdè ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí a fi máa jí ní ààjìn, Mọ́mì ti ń bó ẹ̀wà. Wọ́n wò wá, wọn ò ní ẹ ti dé àbí kí lẹ wá ṣe. Wọ́n kàn ti abọ́ kejì sí wa. A bó o, a lọ̀ ọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in fún àwọn ọmọ ilé kéú. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rántí ohun tí Màmá Ọdún Keje sọ, mo wá ní, “Mọ́mì, nígbà tí kò sí fóònù, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ọkọ̀ dádì ló ń bọ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò purọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àkàrà kan jóná.

Wọ́n ní tí bàbá bá ti sún mọ́ èbúté, wọ́n á tẹ ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á pa á. Tí Mọ́mì bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á gbé omi ẹ̀bà kaná. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jà láàárọ̀ nítorí owó ilé ìwé tí bàbá yá ẹnì kan. Lálẹ́, ẹ́ńjìnì dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi hó, omi gbẹ, bàbá ò dé. Mọ́mì gbé àtùpà lọ sétí omi. Koríko orí omi ti wé ìdí ẹ́ńjìnì, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ sì le, kò sẹ́ni tó fẹ́ ki ọkọ̀ tiẹ̀ bọ inú koríko yẹn lóru. Ó sún mọ́lé débi pé wọ́n ń gbóhùn ara wọn. Ni Mọ́mì bá jókòó sórí ọkọ̀ àtijọ́ kan, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójú omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n parí ìjà náà lójú gbogbo àdúgbò. Mọ́mì ní, “Ìgbà tó rò pé ariwo omi bo ohùn òun, ó pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo èbúté gbọ́.”

Mi ò mọ̀ títí dọjọ́ yẹn pé Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì ìyá mi.

Wọn ò rántí ọdún ẹ̀ o.

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́

Koríko yẹn ò sí níbí tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí 1984 ló gba apá Àgbádárìgì wọ omi wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni. Ta ni Mọ́mì pọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Àbígbẹ̀yìn Awakọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí ni! 1985 ni wọ́n bí i. Ó ní òtútù ọjọ́ yẹn ló ń fún òun ní ọ̀fìnkìn láti kékeré.

Opó Ọdún Keje

Ẹ bá mi kí Àbẹ̀kẹ́.

Àbígbẹ̀yìn Awakọ̀

Wọ́n á gbọ́, mà. Ní ti Sátidé, Bùọ̀dá ti gbà kí màlúù di àgbò méjì. Owó tó kù la fi ra ẹ̀wù omi méjìlá, márùn-ún fún ọmọdé. Ọmọ mi ti wọ ọ̀kan káàkiri ilé látàárọ̀, ó ní òun ò bọ́ ọ. Ó ti mọ ta ni bàbá ara ike.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí. A fẹ́ fi díẹ̀ nínú ohùn Mọ́mì hàn fún ẹbí lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dùn mọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ gbogbo èèyàn tó wọ ọkọ̀ bàbá láwìn tí kò sanwó, pẹ̀lú iye tó jẹ́ àti ibi tó ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ṣé ká gé apá ibẹ̀ kúrò?

Bọ̀ọ̀sì Pópó

Ẹ má gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n dárúkọ oníṣu kan tó máa ń kó iṣu láti Agbówà, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onífìlà Pupa?

Àbígbẹ̀yìn Awakọ̀

Òun ni ìkẹta. Ó jẹ wọ́n ní owó ọkọ̀ ìgbà méje àti ti iṣu.

Bọ̀ọ̀sì Pópó

Bàbá mi ni. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́.